Fèrè Aago Méje

Kí fèrè tó dé ìlú Oǹdó,
ibi tí oòrùn bá dé lára ògiri ni àsìkò wa.
Bó bá ti kan ojú fèrèsé ìyá mi,
Jósáyà á ti gbá ìsọ̀ bàbá mi,
á ti kó èérún igi tó ká bí irun ọmọ tuntun
wá sábẹ́ ìkòkò ẹ̀kọ.

Ọmọ iṣẹ́ mẹ́rin, abọ́ ńlá kan.
Mo mọ̀, èmi ni mò ń fọ abọ́ náà.
Bàbá mi Akínmọládùn ló ń bu tirẹ̀ kẹ́yìn,
ó ní ẹni tó ru pákó ló yẹ kó kọ́kọ́ yó.
Bí ibà bá mú Akíndoyin, orí ẹní wa ló ń sùn,
ìyá mi á se ewé dóńgóyárò fún un;
bó bá fi ayùn ba igi jẹ́,
bàbá mi kan náà ni yóò nà án.
Mi ò sọ pé ó dùn.
Ọdún méje pọ̀ lọ́rùn ọmọ ọlọ́mọ,
a ṣáà mọ orúkọ ìyá ara wa.

Bàbá mi á fi ìka kan igi, á dẹtí sí i:
"Ọ̀gànwó yìí kò tíì gbẹ. Ẹ jẹ́ kó dúró de ọyẹ́."
Oníbàárà á bá igi dúró.
Ìyàwó kan ní Odòjọ̀mù retí bẹ́ẹ̀dì fún oṣù márùn-ún;
oyún ti yọ kí bẹ́ẹ̀dì tó dé,
gbogbo wa fi rẹ́rìn-ín, òun náà rín.

Ọdún tí wọ́n da kọnkéré lé oko kòkó lọ́nà Ifẹ̀
la kọ́kọ́ gbọ́ ọ: fèrè kan, gígùn,
tí kò ní ohùn ènìyàn nínú.
Aago méje àárọ̀. Ajá àdúgbò ló fèsì.
Ẹ̀rọ kan ń la igi, òmíràn ń fá a, òmíràn ń lu ihò.
Ọmọkùnrin kan dúró ti ihò láti ọjọ́ Ajé dé Àbámẹ́ta,
ihò nìkan ló mọ̀,
kò mọ àga.

Àga wọn dé ọjà ní ìdajì owó tiwa.
Akíndoyin ló kọ́kọ́ lọ. Ó dọ̀bálẹ̀, ó sunkún díẹ̀:
"Ọ̀gá, gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n ń sanwó."
Kí lèèyàn fẹ́ fi dá ọjọ́ Ẹtì lóhùn?
Jósáyà gba ìyọ̀ǹda tán, a pa òbúkọ,
kó tó di oṣù kejì ó ti di fóómàn níbẹ̀.

Lọ́dún kẹta bàbá mi wé ayùn rẹ̀ sínú àpò sìmẹ́ǹtì.
Mi ò rí i kó yára rìn bẹ́ẹ̀ rí.
Jósáyà ló dúró lẹ́nu géètì pẹ̀lú ìwé orúkọ.
Ó wo bàbá mi. Ó wo aago.
Ìṣẹ́jú mẹ́ta ti lé.
Ó kọ "méje géérégé", ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n,
ó wá rọra sọ pé,
"Bàbá, ẹ má bínú, mi ò ní lè ṣe é lọ́la."

Èmi náà ti wà níbẹ̀ nígbà yẹn,
nínú yàrá fáníìṣì, àwa obìnrin mọ́kàndínlógún.
Òórùn rẹ̀ ń bá mi sùn.
Ṣùgbọ́n orúkọ mi ló wà lára àpò owó náà,
mo ra bàtà aláwọ̀ ewé, mi ò bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.
Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé àtijọ́ ló dára:
èmi tí mo fọ abọ́ yẹn fún ọdún mọ́kànlá,
ta ló sanwó fún mi?

Ìsinmi tó kọjá, bẹ́ǹṣì tuntun dé ṣọ́ọ̀ṣì.
Àlùfáà ń wàásù,
bàbá mi fi ìka kan pákó, ó dẹtí sí i.
Kò wo ojú mi.
Ọwọ́ mi ló kun bẹ́ǹṣì yẹn títí ó fi ń dán,
ọ̀gànwó tútù,
tí kò dúró de ọyẹ́.